Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín "Love Me Do" àti "Eleanor Rigby"?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ orin rọ́ọ̀kì. A ti ní mẹ́jọ báyìí, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló dà bí orin ọmọ ilé-ìwé. Ohùn orin máa ń yá wá sí wa, ọ̀rọ̀ ló máa ń há. Wọ́n ní ká lọ gbọ́ The Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Mo gbọ́ 'Love Me Do' tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò yàtọ̀ sí tiwa! Mo wá gbọ́ 'Eleanor Rigby', mo ní ṣé àwọn kan náà nìyí? Ṣé George Martin ló ń bá wọn kọ ọ́ ni, àbí oògùn olóró tí wọ́n ń sọ yẹn ló là wọ́n lójú?"

Àbúrò mi, ibi tó o ti sọ pé "Love Me Do" ò yàtọ̀ sí tiyín ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà rẹ. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí, àmọ́ òótọ́ lo sọ. Kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mélòó kan tí a ta pa pọ̀) mẹ́ta ni gbogbo orin náà, G, C àti D, D gan-an ò sì yọjú títí orin fi dé àárín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju pé mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ náà fẹ́ràn mi lọ. Paul McCartney, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ní Liverpool, John Lennon ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi díẹ̀ kún un. Wọ́n gbé e jáde lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ipò 17 ló bá a dé lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni "Eleanor Rigby" jáde. Ọdún mẹ́rin ò pé láàárín méjèèjì.

Jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú oògùn olóró. Wọ́n lò ó, àwọn fúnra wọn ò sì sẹ́. Àmọ́ àìmọye olórin ló lò ó lásìkò yẹn tí kò rí nǹkan kan kọ tí a lè rántí lónìí. Ó tán.

Ti George Martin ní ọ̀rọ̀ nínú díẹ̀. Òun ni olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ wọn ní EMI, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, ó sì mọ orin lóríṣiríṣi ju àwọn lọ. Ṣùgbọ́n kò bá wọn kọ orin. Ohun tó ń ṣe fún wọn ni ohun tí ọ̀gá télọ̀ máa ń ṣe sí aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ ti rán tán: á fà á wọlé níhìn-ín, á gé e kúrú lọ́hùn-ún. Nígbà tí Paul mú "Can't Buy Me Love" wá ní 1964, Martin ló ní kí wọ́n fi ègbè ṣáájú, kí ẹsẹ tẹ̀ lé e. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o, àmọ́ orin ti wà nílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Èrò tèmi nìyí. Ohun tó gbé wọn láti "Love Me Do" dé "Eleanor Rigby" kò já bọ́ látọ̀run. Àtúnṣe ni. Tó o bá ń gbọ́ orin wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, wàá rí i pé nínú èyí tó pọ̀ jù, nǹkan kékeré kan wà tí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe lánàá tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lónìí. Àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló wà nínú yàrá yẹn tó ní "èyí ò tíì dáa". Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1957 ni John àti Paul pàdé, níbi àríyá ṣọ́ọ̀ṣì St Peter ní Woolton, ní Liverpool. Ọmọ ọdún 16 ni John, ó ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ The Quarrymen, ibi tí kò bá ti mọ ọ̀rọ̀ orin olórin, á fi tara rẹ̀ dí i. Paul ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 15. Ó gba gìtá, ó ta orin Eddie Cochran kan, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Àyà John já díẹ̀. Tó bá mú ọmọ yìí wọ ẹgbẹ́, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá? Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kó máa bọ̀.

Ilé bàbá Paul, ojúlé 20 ní Forthlin Road, ni wọ́n ti ń kọ orin lọ́sàn-án tí bàbá bá lọ síbi iṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n wà ní ilé-ìwé. Wọ́n á jókòó kojú síra. Ọlọ́wọ́ òsì ni Paul, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni John, torí náà tí ọ̀kan bá ń wo ìka èkejì lórí gìtá, bí ẹni ń wo dígí ló rí. Ìwé ilé-ìwé ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin sí, lókè ojú ewé wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé orin Lennon àti McCartney mìíràn rèé, bí ẹni pé gbogbo ayé ti ń dúró dè é. Wọn ò ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wọn ò sì mọ nóòtì orin kà. Òfin tí wọ́n bá ara wọn ṣe ni pé orin tí àwọn bá ti gbàgbé lọ́jọ́ kejì, kó máa lọ ire. Bí àwọn tó kọ ọ́ ò bá lè rántí rẹ̀, ta ni yóò rántí rẹ̀? (Ẹ gbìyànjú ìyẹn wò, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ pa fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan.)

Ní 1958 wọ́n lọ gba orin méjì sílẹ̀ nílé ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ní Liverpool. Ọ̀kan jẹ́ ti Buddy Holly. Èkejì, "In Spite of All the Danger", jẹ́ tiwọn, orúkọ Paul àti George Harrison, tí òun náà ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́, ló sì wà lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré lo máa gbọ́ kó o tó mọ̀ pé Elvis Presley ni wọ́n ń sín jẹ. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ń sọ ìtàn wọn ló máa ń sọ pé Hamburg ló sọ wọ́n di ènìyàn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ní Jámánì. Ilé ìgbafẹ́ Indra ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí Kaiserkeller, nígbà tó yá wọ́n dé Top Ten àti Star-Club. Wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n fi ń ṣeré lálaalẹ́. Tó bá jẹ́ ti gìtá títa àti bí a ṣe ń mú àwùjọ dání, mo gbà pé Hamburg ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n fúnra wọn hun nígbà yẹn ò tó nǹkan. Orin olórin ni wọ́n ń kọ: Chuck Berry, Little Richard, Carl Perkins, The Everly Brothers, The Shirelles, àti èyí tí Carole King àti Gerry Goffin ń hun fún àwọn ẹlòmíì. Ibẹ̀ gan-an ni èrè wà fún ẹni tó fẹ́ kọ orin. Tó o bá ti fi ìka ara rẹ ta orin ẹni ẹlẹ́ni nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sí bí o ò ṣe ní mọ ibi tí olúwarẹ̀ tọ́jú oyin sí. Ohun tí básì ń sọ nínú "I Saw Her Standing There", Paul fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé inú orin Chuck Berry kan lòun ti gbé e. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1962, wọ́n lọ dán ara wọn wò ní Decca, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde ní London. Orin 15 ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, mẹ́ta péré ló jẹ́ tiwọn: "Like Dreamers Do", "Hello Little Girl" àti "Love of the Loved". Decca ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ti bú Decca títí di òní, àmọ́ tó o bá gbọ́ àwọn orin yẹn, wàá fojú àánú wo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Orin tó ń sáré, tí kò mọ ibi tó ń lọ, ni "Like Dreamers Do" létí tèmi. Ohun tó wú mi lórí ni ohun tí wọ́n ṣe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn náà: wọ́n fi tọrẹ. Cilla Black gba ọ̀kan, The Fourmost gba ọ̀kan, The Applejacks gba ẹ̀kẹta. Wọn ò fi ẹyọ kan sínú àwo tiwọn ní gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ náà wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mẹ́jọ, èwo nínú ẹ̀ lẹ lè fi tọrẹ láìwẹ̀yìn?

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Decca, Martin gbà wọ́n sí EMI. Kò fọkàn tán orin wọn. Orin tí ẹlòmíì kọ, "How Do You Do It" ti Mitch Murray, ló ní kí wọ́n gbé jáde. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lóòótọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ pé tàwọn làwọn fẹ́. Bẹ́ẹ̀, Martin ò ṣìnà nípa orin yẹn o: Gerry and the Pacemakers gbà á, ó gbé wọn dé ipò kìíní lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Liverpool yìí kọ oúnjẹ tó ti jinná torí pé wọ́n fẹ́ dá tiwọn sè.

Tiwọn náà ò sì tíì jinná. John mú "Please Please Me" wá, ó falẹ̀ bí orin arò, torí Roy Orbison ló ń sá tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ọgbọ́n díẹ̀: "please" lédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ "jọ̀wọ́", ó tún jẹ́ "tẹ́ lọ́rùn", inú orin Bing Crosby tó ti pẹ́ ni John ti rí irú eré bẹ́ẹ̀. Martin gbọ́ ọ, ó ní ó ń wọ́ nílẹ̀, kí wọ́n lọ mú un yára. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kọkànlá wọ́n gbé e padà dé, hámóníkà níwájú, ìlù ń sáré, ohùn méjì ń gun ara wọn. Orin kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà. Ìrìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí. Nínú gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn, bóyá ni òmíràn ju èyí lọ, pé orin tó ń ṣe bí òkú lè má ní àìsàn kankan ju pé ó falẹ̀ jù. Ẹ padà sídìí mẹ́jọ yín, ẹ sáré kọ ọ́, kẹ́ ẹ tó dá wọn lẹ́bi.

Ọjọ́ kan ṣoṣo, 11 oṣù Kejì ọdún 1963, ni wọ́n fi gba orin mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwo ńlá wọn àkọ́kọ́. 14 ló wà nínú àwo náà, mẹ́jọ jẹ́ tiwọn. Mẹ́jọ! Iye tẹ́ ẹ ní báyìí gan-an.

"I Saw Her Standing There" ló ṣáájú nínú àwo yẹn. Jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ìlà méjì ni Paul mú wá fún John. Ti àkọ́kọ́ sọ pé ọmọ ọdún 17 ni ọmọbìnrin náà. Ti èkejì sọ pé kò gba adé ẹwà rí, kò sì sí ohun tó gbé ọ̀rọ̀ adé débẹ̀ ju kí ìparí ìlà méjèèjì lè dún bákan náà. Ojú ti Paul fúnra rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n jọ jókòó tì í, John wá sọ ọ́ di ohun tí a lè túmọ̀ sí "ó kúkú yé ẹ". Wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ìlà ti tẹ́lẹ̀ ń ròyìn ọmọbìnrin kan tí a ò mọ̀. Èyí ṣẹ́jú sí ẹni tó ń gbọ́, ó fi í ṣe ọ̀rẹ́, kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ọmọbìnrin náà, oníkálukú á fi ti ọkàn rẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún péré ni gbogbo àtúnṣe yẹn.

Ọjọ́ 28 oṣù Kejì, inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn láti òde eré kan lọ sí òmíràn, wọ́n kọ "From Me to You". Kò sí nǹkan bàbàrà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ àárín orin, ibi tí orin máa ń yà díẹ̀ kó tó padà sílé. C ni ilé orin náà. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ yà, ilé àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń yà sí, F tàbí G. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n bọ́ sórí G kékeré, G máínọ̀, ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, ó sì tún là. Paul sọ lẹ́yìn náà pé ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé àwọn ti ń débì kan.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fi ọjọ́ kan gbáko gbọ́ ni "She Loves You".

Títí di ìgbà yẹn, "èmi" àti "ìwọ" ló kún orin wọn. Wo àkọlé wọn: fẹ́ràn mi, tẹ́ mi lọ́rùn, láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ọmọbìnrin tó ra àwo lè rò pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1963, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Newcastle, wọ́n jókòó sórí ibùsùn méjì tó kojú síra, Paul wá dá a lábàá pé kí ẹni tó ń kọrin má ṣe jẹ́ olólùfẹ́ mọ́. Kó jẹ́ alárinà. Ọ̀rẹ́ tó rí ọmọbìnrin náà lánàá, tó wá ń jíṣẹ́ fún ọkùnrin tó ti sọ̀rètí nù: ó ní kí n sọ fún ọ, ó ṣì fẹ́ràn rẹ, o ò sì ṣe dáadáa sí i, lọ tọrọ àforíjì.

Ta ni ò mọ alárinà? Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó mọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ń gba ni níyànjú, bóyá ó tiẹ̀ ń jowú díẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ti wà nínú orin báyìí dípò méjì, ìtàn sì ti wọlé. Gbogbo èyí, wọn ò fi kún ọ̀rọ̀ orin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kàn yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n parí rẹ̀ ní Forthlin Road. Bàbá Paul gbọ́ "yeah, yeah, yeah", ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù nílùú, ṣé wọn ò lè sọ ọ́ dáadáa pé "yes"? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé sitúdíò, kọ́ọ̀dù tó parí orin náà ní ohùn kan lórí tí George Harrison gbé, tí kò jẹ́ kó jókòó pátápátá. Martin ní ó ti di ti ayé àtijọ́, àwọn olórin ìgbà ogun ló máa ń parí orin báyẹn. Wọ́n ní ó dùn létí àwọn, ibẹ̀ ló máa wà. Ó wà níbẹ̀. Kò sí àwo kékeré tó tà tó o nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1960 sí 1969.

Ṣó o rí i? Lọ́dún tó ṣáájú, Martin ní "mú un yára", wọ́n gbọ́ràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní "yọ ọ́", wọ́n kọ̀. Wọ́n ti ń dá èyí tó yẹ ní gbígbọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ ní kíkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, àwọn alámọ̀dájú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa wọn. Ní ìparí ọdún 1963, William Mann kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn The Times pé "Aeolian cadence" (irú ọ̀nà kan tí orin ń gbà parí) wà nínú orin wọn kan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà John ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dún létí òun bí orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn.

Ọdún 1964 kò gba àsọyé púpọ̀. Gbogbo orin 13 tó wà nínú "A Hard Day's Night" ló jẹ́ ti John àti Paul, wọ́n sì ti mọ iṣẹ́ náà débi pé wọ́n lè ṣe é lójú oorun. Ewu ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń kọ orin. Orin Bob Dylan tí wọ́n ń gbọ́ lásìkò yẹn ló jẹ́ kí John rí i pé èèyàn lè fi orin sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Akọ̀ròyìn kan sì tún bi í pé ìwé tó kọ ní ọgbọ́n àti àwàdà nínú, kí ló dé tí orin rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára.

Ní 1965 ó jókòó, ó fẹ́ kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó to orúkọ àwọn ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà láti ilé wọn ní Menlove Avenue dé àárín ìlú, Penny Lane wà níbẹ̀, ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin inú ìlú (tram) àtijọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó sú òun fúnra rẹ̀. Ó ní ó dà bí àròkọ ọmọ ilé-ìwé lórí bí mo ṣe lo ìsinmi mi. Ó dúró díẹ̀, ó wá pa gbogbo orúkọ ibẹ̀ rẹ́, ó fi àwọn ènìyàn àti ibi sílẹ̀ láìdárúkọ, àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà láàyè. Orin tó kù ni "In My Life".

Ìwé máa ń kọ́ wa pé ká dárúkọ nǹkan, ká má sọ̀rọ̀ lófìfo, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ níbi tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wo orin yìí. Orúkọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò já mọ́ nǹkan fún ẹnikẹ́ni tí kò wọ bọ́ọ̀sì yẹn rí. Nígbà tó yọ wọ́n, orin náà di ti gbogbo ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe pé orúkọ burú o: Penny Lane tí John yọ, Paul kọ odidi orin lé e lórí, ó jáde ní 1967, orúkọ àti àwòrán ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó sì dùn. Orin lo máa bi pé èwo ló fẹ́.

O tún sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ohùn orin máa ń yá wá sí yín, ọ̀rọ̀ ló máa ń há. Àwọn náà bẹ́ẹ̀. Paul jí láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ohùn orin kan tó lá lálàá, ó ń bi gbogbo ènìyàn bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí, ẹ̀rù ń bà á pé ó jẹ́ ti ẹlòmíì. Kò ní ọ̀rọ̀ fún un, ló bá ń fi "ẹyin díndín" kọ ọ́ kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ó fi rí "Yesterday". Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, George Harrison há sórí ìlà kejì "Something", kò mọ ohun tí ọmọbìnrin náà fi ń fa òun mọ́ra. John ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó ṣáà máa fi ohun tó bá wá sí i lẹ́nu kọ ọ́, ì báà jẹ́ ewébẹ̀ cauliflower, títí ọ̀rọ̀ gidi á fi dé. Ẹni ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fúnni nírú ìmọ̀ràn yìí. Ẹ má jókòó de ọ̀rọ̀. Ẹ fi nǹkan dí i.

Ọ̀rọ̀ George mú mi rántí nǹkan. Orin rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àwo wọn, "Don't Bother Me", jáde ní 1963, ó kọ ọ́ lórí ibùsùn àìsàn nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bournemouth, kó lè mọ̀ bóyá òun náà lè kọ orin. Odidi ọdún 1964, orin rẹ̀ kankan ò wọlé. Ọdún 1969 ló tó gbé "Something" àti "Here Comes the Sun" jáde, àwọn orin tó dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun tí àwọn méjì yẹn kọ. Kí ló fà á? Ẹ̀bùn rẹ̀ ò kéré. Kò ní ẹni tí yóò jókòó kojú sí i lọ́sàn-án ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

John àti Paul ní ara wọn, àti nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọ orin, ọ̀kan ṣì ń bọ inú orin èkejì. Nínú "We Can Work It Out" ti 1965, Paul ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú ẹsẹ, ó gbà pé ọ̀rọ̀ yóò yanjú. Àárín orin jẹ́ ti John, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ó ní ayé kúrú, kò sáyè ìjà. George wá dá a lábàá kí ìlù ibẹ̀ yí sí ti ijó waltz, ọ̀kan-méjì-mẹ́ta. Ẹni mẹ́ta, ìwà mẹ́ta, láàárín ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀.

Ó ku "Eleanor Rigby". Kọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ ò ju méjì lọ, E máínọ̀ àti C. "Love Me Do" jù ú lọ! Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Gòjé òyìnbó kékeré àti ńlá mẹ́jọ ni Martin tò sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gé ohùn náà ṣókíṣókí bí ọ̀bẹ. "Èmi" ò sí nínú rẹ̀ rárá. Alárinà ọdún 1963 ti kúrò láàárín, ó ti di ẹni tó dúró lókèèrè tó ń wò. Obìnrin kan ń ṣa ìrẹsì níbi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó tán. Àlùfáà kan ń rán ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lóru. Ẹsẹ kìíní jẹ́ ti obìnrin, ẹsẹ kejì jẹ́ ti àlùfáà, wọn ò pàdé títí di ẹsẹ kẹta, ibi ìsìnkú obìnrin náà, tí ẹnì kankan ò wá. "Father McCartney" ni Paul kọ́kọ́ pe àlùfáà yẹn. Ó wá rò ó pé àwọn èèyàn á sọ pé bàbá òun ni, ó ṣí ìwé nọ́ńbà fóònù, ó ń wá orúkọ tó dún bíi rẹ̀, ó rí McKenzie.

Nínú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì St Peter ní Woolton, níbi tí òun àti John ti pàdé, òkúta sàréè kan wà tí wọ́n kọ Eleanor Rigby sí lára. Paul ní ibòmíì lòun ti rí orúkọ náà, òun ò rántí pé òun rí òkúta yẹn rí. Ìwọ náà rò ó wò.

Tó o bá fẹ́ gbọ́ wọn bí mo ṣe sọ, bẹ̀rẹ̀ láti àkójọ "Anthology 1" tó jáde ní 1995. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1958 wà níbẹ̀, méjì nínú mẹ́ta ti Decca wà níbẹ̀, "How Do You Do It" náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá máa bá àwo wọn bọ̀ bí wọ́n ṣe jáde, "Revolver", àwo tí "Eleanor Rigby" wà nínú rẹ̀, ni kó o dúró lé. Nínú "Anthology 1" yẹn, wàá tún bá orin kan pàdé tó ń jẹ́ "One After 909", tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́mọdé, tí wọ́n gbìyànjú láti gbà sílẹ̀ ní 1963, tí kò dáa, tí wọ́n sì pa tì. Wá èyí tí wọ́n kọ lórí òrùlé ilé-iṣẹ́ wọn ní London lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1969, tó wà nínú "Let It Be", kó o gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò dáa sí i. Ọkọ̀ ojú irin tí olólùfẹ́ wọ̀, èyí tí kò wọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Àmọ́ gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ohùn.